Kọ̀ǹpútà rẹ́ńdà tó lágbára tí kì í pariwo, àti bí a ṣe ń tò ó nínú ooru ilẹ̀ wa

Ẹ jẹ́ ká mú fídíò kékeré kan, ìṣẹ́jú-àáyá 10 péré, tí wọ́n ń fi Blender, ètò tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán 3D, ṣe. Rẹ́ńdà ni pé kí kọ̀ǹpútà ya fírémù rẹ̀, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan inú fídíò náà, jáde. Fírémù 24 ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, fírémù 240 nìyẹn lápapọ̀. Bí fírémù kan bá ń gba ìṣẹ́jú 4, wákàtí 16 ni kọ̀ǹpútà máa fi ṣiṣẹ́ kó tó parí, láìsinmi, láìmí. Ibí yìí ni kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò fún géèmù ti máa ń dójú ti olówó rẹ̀. Ẹni tó ń gbá géèmù á dìde lọ jẹun, ẹ̀rọ á sì mí díẹ̀. Rẹ́ńdà kì í dìde lọ jẹun. Ooru á gorí ooru, fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í hu bí ẹ̀rọ ìlọta, ẹni tó bá sì gbé e sínú yàrá tó ń sùn á máa ka pákó àjà títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Àwọn kan á ní kí ló kan ariwo kọ̀ǹpútà níbi tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti ń bú ramúramù. Wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú yàrá tó fi ń ṣiṣẹ́, àti ẹni tó jẹ́ pé yàrá kan ṣoṣo ló ní, ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, mọ ohun tí à ń wí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀rọ tí kò pariwo sábà máa ń jẹ́ ẹ̀rọ tí kò gbóná, ẹ̀rọ tí kò gbóná ló sì ń pẹ́.

Ooru ni ká kọ́kọ́ bá jà

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ra kéésì (àpótí kọ̀ǹpútà) tí wọ́n fi fóòmù bò nínú, wọ́n á ní àwọn ti ra ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti mú un. Gbogbo iná tí kọ̀ǹpútà bá fà lára ògiri, ooru ló ń dà gbẹ̀yìn. Ẹ̀rọ tó ń fa wáàtì 600 fún wákàtí 16 kò yàtọ̀ sí kí èèyàn gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ nínú yàrá kó má sì pa á. Fáànù kò dá ariwo sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ooru ló ń lé e sáré. Torí náà, kí ẹ tó ronú kan fáànù, ẹ ronú bí wáàtì yóò ṣe dín kù.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìṣirò fáànù kàn, ó sì dùn mọ́ni. Bí ẹ bá dín eré fáànù kan kù sí ìdajì, ìdajì afẹ́fẹ́ ni yóò máa gbé, àmọ́ ariwo rẹ̀ á já wálẹ̀ ní nǹkan bíi dB 15 (dB ni wọ́n fi ń wọn ariwo). Bí ẹ bá wá fi fáànù kejì tó bá a dọ́gba tì í, tí àwọn méjèèjì ń rìn ní ìdajì eré yẹn, dB 3 péré ni ariwo fi máa gòkè. Ohun tó já sí ni pé fáànù méjì tó ń rọra rìn ń gbé afẹ́fẹ́ tó tó ti ẹyọ kan tó ń sáré kíkan, síbẹ̀ ariwo wọn fi dB 12 kéré sí tirẹ̀. Nǹkan bíi dB 10 ni etí wa máa ń gbọ́ bí ẹni pé ariwo ti dín sí ìdajì. Ìyẹn ni pé fáànù púpọ̀, fáànù ńlá, tó ń rọra yí ni ẹ ń wá. Mílímítà 140 dára ju 120 lọ, 120 sì dára ju àwọn kékeré inú kéésì olówó pọ́ọ́kú lọ jìnnà.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń wo ìdánwò orí YouTube kì í fọkàn sí. Yàrá tí wọ́n ti ń dán nǹkan wò ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 22°C. Yàrá tiwa ní ọ̀sán oṣù kẹta, tí kò sí éésì, lè tó 32°C. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tí yàrá bá fi gbóná sí i, ìwọ̀n kan náà ló máa kún ti inú ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá ní káàdì àwòrán kan ń gbóná dé 68°C lọ́dọ̀ wọn, ẹ ka 78°C sí i nílé. Kúlà, ìyẹn ohun tó ń gbé ooru kúrò lára ẹ̀rọ, tí wọ́n bá sì ní ó “tó lò díẹ̀díẹ̀” lọ́hùn-ún, kò ní tó lò níbí.

Ohun tí ẹ máa rà

Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ mọ ohun tó ń ṣe iṣẹ́ náà: ṣé káàdì àwòrán ni àbí CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà? Cycles inú Blender, Redshift àti Octane, àwọn ètò tó ń ṣe rẹ́ńdà, orí káàdì àwòrán ni wọ́n ti ń sáré. Ẹni tó bá ń lo Arnold tàbí V-Ray lórí CPU, tàbí tó ń ṣe omi, èéfín àti aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, òun ni core púpọ̀, ìyẹn àwọn apá CPU tó ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣe pàtàkì fún.

Fún ẹni tó ń fi káàdì rẹ́ńdà, Ryzen 9 7900, CPU ilé iṣẹ́ AMD, la yàn láàyò, èyí tí kò ní X lẹ́yìn. Core 12 ló ní, wáàtì tó sì ń gbà kì í ju 88 lọ bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kúlà kan máa ń bá a wá nínú páálí. Ẹ fi kúlà náà fún ẹni tí kò bá yín sun yàrá kan náà. Ẹni tí CPU ń ṣiṣẹ́ fún lè ra 7950X tàbí 9950X, core 16, àmọ́ kó mọ̀ pé 7950X lè gba wáàtì 230, 9950X lè gba 200, bí kò bá sí ẹni tó dá wọn lẹ́kun. Bí a ṣe ń dá wọn lẹ́kun ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ní ti káàdì àwòrán, àwọn tó ń tajà á máa pariwo eré rẹ̀ fún yín. Ìrántí orí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n, ìyẹn VRAM. Ìkòkò ni, bí ẹran bá ju ìkòkò lọ, iye iná tó wà nísàlẹ̀ kò ní ran ọbẹ̀ náà lọ́wọ́. Ẹ wo ìṣirò yìí: àwòrán texture kan (àwòrán tí wọ́n fi ń bo ara nǹkan inú ìran) tó jẹ́ 8K ní ojú àmì 8192 lọ́nà 8192, byte 4 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di MB 268. Ogójì irú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó GB 11, a ò sì tíì ka ilé, igi àti èèyàn inú ìran náà. Texture 2K, ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ti 8K ni. Bí àga kan bá wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún tí kámẹ́rà kò ní súnmọ́, kí ni ẹ ń fi 8K ṣe lára rẹ̀? Bí VRAM bá kún, Blender lè sọ fún yín pé ìrántí ti tán kó sì dúró, tàbí kó máa yá RAM, ìrántí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, lò, kí fírémù oníṣẹ́jú 4 di ti ogójì ìṣẹ́jú.

GB 16 ni ìbẹ̀rẹ̀ tó bójú mu. Nínú àwọn káàdì NVIDIA, RTX 4070 Ti Super ní GB 16, wáàtì 285 ló ń gbà. RTX 4090 ní GB 24, wáàtì 450. RTX 5090 tó jáde ní ọdún 2025 ní GB 32, àmọ́ wáàtì 575 ni, nínú yàrá tí kò ní éésì ẹ ti ra ìléru. Irú tó ní fáànù mẹ́ta, tó nípọn, tó sì wúwo ni kẹ́ ẹ rà. Irin tó pọ̀ lára rẹ̀ ló ń jẹ́ kí fáànù rọra yí. Ẹ sá fún èyí tó ní fáànù ẹyọ kan bíi ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ irun. Ẹ má sì to káàdì méjì léra nínú kéésì kan bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bá jẹ yín lógún: èyí tó wà lókè á máa fa ooru èyí tó wà nísàlẹ̀ símú.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? RTX 3090, GB 24, wáàtì 350, ni àwọn èèyàn máa ń rí ní Computer Village, Ikeja, owó rẹ̀ sì lè wọni lójú. Ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fi ọdún méjì-mẹ́ta wa kíríptò rí, tọ̀sán-tòru. Ìrántí wà lẹ́yìn káàdì náà bó ṣe wà níwájú, ẹ̀yìn yẹn ló sì máa ń gbóná jù. Ẹ ní kí wọ́n tàn án níbẹ̀. Ẹ fi GPU-Z, ètò tó ń sọ irú káàdì tó jẹ́, wò ó bóyá káàdì gidi ni, torí wọ́n máa ń fi orúkọ káàdì tuntun bọ káàdì ìgbà láéláé, GPU-Z á sì kọ ọ́ sí i pé ayédèrú ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kó ṣe rẹ́ńdà fún ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ ṣí HWiNFO, ètò tó ń fi ooru hàn, kẹ́ ẹ máa wo ìlà tí wọ́n kọ “GPU Memory Junction Temperature” sí. Bó bá ń gun 105°C lọ sí 110°C, thermal pad rẹ̀, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń gbé ooru kúrò lára ìrántí, ti gbẹ. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ lè fi ná an wálẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀, kó máa lọ. Ẹni tó bá sì ní kò sí iná láti fi tàn án wò, ẹ dá a lóhùn pé ẹ máa padà wá nígbà tí iná bá dé.

Kúlà CPU: onírin tó ń lo afẹ́fẹ́ ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe èyí tó ní omi nínú. Pọ́ǹpù kúlà olómi ń hùn lọ́sàn-án lóru, eré tirẹ̀ kò sì ṣeé dín kù bíi ti fáànù. Bí fáànù bá bàjẹ́, wọ́n ń tà á níbi gbogbo. Bí pọ́ǹpù bá kú láàárín iṣẹ́, gbogbo kúlà náà ló kú. Noctua NH-D15 ga ní mílímítà 165, Thermalright Peerless Assassin 120 SE ga ní 155, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti Noctua. Fún 7900, Thermalright yẹn tó, ó tún ṣẹ́kù. Ẹ wọn gíga kúlà mọ́ ohun tí kéésì yín gbà kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ má ra RAM tó ní ìwo lórí, nítorí fáànù iwájú kúlà ńlá máa ń gùn ún lórí.

Kéésì: ojú rẹ̀ kó jẹ́ àwọ̀n. Èyí ni ibi tí a ti yàtọ̀ sí àwọn tó ń kọ̀wé láti ìlú òtútù. Fóòmù wọn dára fún yàrá 20°C, níbi tí fáànù kò ti ní láti sáré rárá. Níbí, fóòmù á sé afẹ́fẹ́, fáànù á sáré láti fi san án padà, ariwo tí ẹ ń sá fún ló tún dé yẹn. Fractal Design Torrent ní fáànù ńlá mílímítà 180 méjì níwájú àti 140 mẹ́ta nísàlẹ̀, kò sí ohun tó dára tó o fún iṣẹ́ yìí. Meshify 2 náà dára. Èyíkéyìí tó bá lè gba 140 mẹ́ta níwájú, tó sì ní àwọ̀n eruku tó ṣeé fà yọ, ti tó.

Páwà páàkì: ẹ ka wáàtì papọ̀. Káàdì 285, CPU 88, ìyókù bíi 60, ó jẹ́ 433. Ẹ ra 850, onígóòlù, tó bá ìlànà ATX 3.0 tàbí 3.1 mu. Ìdí tí a fi ń ra ìlọ́po méjì ni pé páwà páàkì kì í fi iná ṣòfò púpọ̀ nígbà tó bá gbé ìdajì ẹrù, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì yí fáànù wọn rárá tàbí kí wọ́n rọra yí i ní ìdajì yẹn. Ẹ má rà á ní tòkunbọ̀. Níbi tí ẹ bá fẹ́ fowó pamọ́, kì í ṣe ibí.

RAM: igi méjì, 32 lọ́nà méjì tàbí 48 lọ́nà méjì. Igi mẹ́rin lórí AM5, irú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí àwọn Ryzen yìí ń jókòó sí, ló ń kó bá ọ̀pọ̀ èèyàn. Pẹ̀lú igi méjì, AMD fọwọ́ sí eré 5200 fún Ryzen 7000. Ẹ ki mẹ́rin bọ̀ ọ́, ó di 3600. SSD NVMe TB 2 kan fún ìpamọ́ fáìlì, kẹ́ ẹ má fi hard disk tó ń yí sínú kéésì. Gbígbọ̀n rẹ̀ á gba ara irin kéésì, á sì di ìlù.

Bí ẹ ṣe máa tò ó

Orí tábìlì ni, kì í ṣe orí rọ́ọ̀gì. Ẹ gbé mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń so mọ́, lé páálí tó bá wá. Ẹ máa fọwọ́ kan irin kéésì lóòrèkóòrè, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí aṣọ ń ta pátápátá lára.

Àwọn abẹ́rẹ́ AM5 wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò sí lára CPU. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó bá tẹ̀, mọ́dábọ́ọ̀dù lọ nìyẹn. Ẹ gbé ọwọ́ irin rẹ̀ sókè, kẹ́ ẹ wo àmì onígun mẹ́ta tó wà ní igun CPU, kó bá ti sọ́kẹ́ẹ̀tì mu, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kí CPU jókòó fúnra rẹ̀. Ẹ má tì í. Nígbà tí ẹ bá ń tẹ ọwọ́ irin náà padà, ó máa le, ó sì máa dún bí ẹni pé nǹkan fẹ́ ṣẹ́; bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ike dúdú orí rẹ̀ á ta dànù fúnra rẹ̀. Ẹ fi pamọ́.

Àwọn igi RAM méjèèjì, ihò kejì àti ìkẹrin ni kẹ́ ẹ kà láti ẹ̀gbẹ́ CPU, kẹ́ ẹ tẹ̀ wọ́n títí wọ́n á fi dún “ká”. SSD lọ sí ihò tó súnmọ́ CPU jù, kẹ́ ẹ sì bó ọ̀rá tó wà lábẹ́ irin tó máa bò ó. Ọ̀rá yìí! Ó tún wà lábẹ́ kúlà, a máa kọ sí i lára pé kí ẹ yọ ọ́, àwọn èèyàn á sì dè é mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí CPU yín bá fò dé 95°C láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan tí ẹ tan iṣẹ́, ẹ tú kúlà kẹ́ ẹ wo abẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bú ẹnikẹ́ni.

Thermal paste, ìyẹn ohun rírọ̀ tó ń gbé ooru láti CPU sí kúlà: ẹ̀kán márùn-ún, ọ̀kan láàárín tó tó ẹ̀wà kan, mẹ́rin kékeré sí àwọn igun. Kúlà ló máa tẹ́ ẹ, kì í ṣe ìka yín. AM5 ti ní irin lẹ́yìn mọ́dábọ́ọ̀dù tẹ́lẹ̀. Ike méjèèjì tó wà níwájú nìkan ni kẹ́ ẹ tú, kẹ́ ẹ lo ihò síkúrù wọn. Ẹ yí síkúrù apá kan díẹ̀, ẹ yí ti apá kejì díẹ̀, títí méjèèjì á fi dúró. Ẹ má de apá kan tán kẹ́ ẹ tó bọ́ sí ìkejì.

Fáànù kúlà máa fẹ́ sẹ́yìn kéésì. Bí ẹ kò bá rí ọfà lára fáànù, ẹ wo ibi tí ọwọ́ ike mẹ́rin ti di mọ́tò rẹ̀ mú: ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde.

Kẹ́ ẹ tó gbé mọ́dábọ́ọ̀dù wọ kéésì, ẹ ka àwọn òpó kékeré tó máa gbé e dúró. Mẹ́sàn-án ni fún mọ́dábọ́ọ̀dù ìwọ̀n ATX. Èyí tó bá wà níbi tí kò sí ihò lókè rẹ̀, ẹ yọ ọ́, torí ó lè mú iná pàdé lẹ́yìn mọ́dábọ́ọ̀dù. Wáyà CPU ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fà gba igun òkè lápá òsì, nítorí bí kúlà bá ti wọlé, ọwọ́ kò ní gba ibẹ̀ mọ́. Èyí tó pín sí mẹ́rin àti mẹ́rin ni ti CPU. Èyí tó pín sí mẹ́fà àti méjì, ti káàdì ni. Ẹ má sì ki wáyà páwà páàkì mìíràn bọ tuntun yìí, kódà bí ẹnu wọn bá jọra. Bí wọ́n ṣe to iná sínú rẹ̀ yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì, SSD àti mọ́dábọ́ọ̀dù ti gbà á lọ bẹ́ẹ̀.

Wáyà olójú 16 tó lọ sí káàdì: ẹ tì í títí kò fi ní sí àlàfo kankan, kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Èyí tí kò bá wọlé tán máa ń gbóná lẹ́nu, ike rẹ̀ á sì yọ́. Ẹ má tẹ wáyà náà ní ibi tí kò tíì tó mílímítà 35 sí ẹnu rẹ̀. Káàdì wúwo, ẹ fi nǹkan tì í nísàlẹ̀. Kí wáyà mónítọ̀ lọ sára káàdì, kì í ṣe sára mọ́dábọ́ọ̀dù.

Ẹ wá tàn án. Fáànù á yí, ojú mónítọ̀ á dúdú. Ẹ má pa á! DDR5 ń wọn ara rẹ̀ ni, ó lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan ní ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ yá ni wọ́n ti dá padà sí ṣọ́ọ̀bù nítorí pé ẹni tó tò ó kò ní sùúrù. Bí ẹ bá tan EXPO, ètò tó ń jẹ́ kí RAM sáré tó bó ṣe yẹ, nínú BIOS (ojú ètò mọ́dábọ́ọ̀dù), á tún wọn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí MemTest86, ètò tó ń dán RAM wò, sùn lórí rẹ̀ mọ́jú. RAM tí kò dúró dáadáa kì í hàn nígbà tí ẹ bá ń wo fíìmù. Fírémù 187 ní aago mẹ́ta òru ló máa ń hàn.

Bí ẹ ṣe máa pa á lẹ́nu mọ́

Iṣẹ́ tó ń dín ariwo kù jù lọ kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ ṣí command prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, kẹ́ ẹ kọ:

nvidia-smi -pl 220

Ẹ ti sọ fún káàdì wáàtì 285 pé kó má kọjá 220 nìyẹn. Ẹ óò pàdánù díẹ̀ nínú eré rẹ̀, àmọ́ ohun tí ẹ pàdánù kéré gan-an sí ooru tó lọ, torí wáàtì ìparí wọ̀nyẹn ni káàdì ń fi ṣòfò jù. Bí nọ́ḿbà náà bá kéré jù, á sọ ibi tó lè dé fún yín. Ó máa ń gbàgbé bí ẹ bá pa ẹ̀rọ, nítorí náà ẹ fi sínú Task Scheduler ti Windows kó máa ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹni tó ra 7950X, kó wọ BIOS, kó wá Eco Mode lábẹ́ PBO, kó yan 105W: CPU tó ń gba wáàtì 230 á dúró sí 142, nǹkan bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún eré ló sì máa ń lọ.

Fáànù kéésì wá kù. Mọ́dábọ́ọ̀dù kò mọ bí káàdì àwòrán ṣe gbóná tó. Ti CPU nìkan ló ń wò. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí Cycles bá ń sáré lórí káàdì, CPU ń tòògbé. Èyí ló fi jẹ́ pé káàdì á máa jó, fáànù iwájú kéésì á sì máa rìn fàájì. Ẹ gba FanControl sórí Windows, ọ̀fẹ́ ni, kẹ́ ẹ so fáànù kéésì mọ́ ooru káàdì. Ohun tó sábà bá ìlú wa mu fún fáànù 140: yíyí 600 ní ìṣẹ́jú kan títí di 55°C, kó wá rọra gòkè dé 900 ní 75°C, kó má sì kọjá bẹ́ẹ̀. Bí káàdì bá dúró sí bíi 72°C lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ ti ṣe é. Ẹ sọ fún un kó dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 8 sí 10 kó tó yí eré padà, nítorí ariwo tó dúró sójú kan kì í dunni bí èyí tó ń lọ sókè sódò. Ẹ gbé e lọ láti 500 dé 1000 fúnra yín, kẹ́ ẹ dẹtí: fáànù kọ̀ọ̀kan ní eré kan tó ti máa ń kùn. Bó bá jẹ́ 780, ẹ jẹ́ kó fo 780.

Iná, eruku, àti ohun tí etí gbọ́

Bí NEPA bá mú iná lọ ní fírémù 200, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Ẹni tó ń rẹ́ńdà sí MP4 tààrà ti pàdánù gbogbo rẹ̀. Ẹ máa rẹ́ńdà sí PNG tàbí EXR, fírémù kọ̀ọ̀kan sí fáìlì tirẹ̀, kẹ́ ẹ yọ àmì kúrò lójú “Overwrite”. Bí iná bá dé, á fo àwọn tó ti ṣe. “Placeholders” wà fún kọ̀ǹpútà méjì tó ń pín iṣẹ́ kan náà. Ẹ má tàn án fún ẹyọ kan, torí fáìlì òfìfo tó bá fi sílẹ̀ nígbà tí iná lọ, á rò pé òun ti ṣe é, á sì fò ó. Ẹ pa Blender dé, kẹ́ ẹ rẹ́ńdà láti ojú àṣẹ, kí VRAM lè ṣẹ́kù fún iṣẹ́:

blender -b ise.blend -s 1 -e 240 -a

Kí -a gbẹ̀yìn. Bó bá ṣíwájú -s àti -e, kò ní ka nọ́ḿbà yín sí.

Ẹ̀rọ wáàtì 370 pẹ̀lú mónítọ̀ 30, fún wákàtí mẹ́fà, ó jẹ́ 2.4kWh, ẹ fi ohun tí ínfátà ń jẹ kún un, ó tó 2.7. Bátìrì àtijọ́ oní 12V, 200Ah, méjì kò ní gbé e dé ibẹ̀, nítorí ìdajì wọn nìkan ló yẹ kẹ́ ẹ lò. Lítíọ̀mù 25.6V, 200Ah kan, 5.12kWh, á gbé e, á tún ṣẹ́kù. Kí ínfátà àti UPS jẹ́ pure sine wave, èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere. Èyí tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè mú páwà páàkì kùn, tàbí kó pa ẹ̀rọ nígbà tó bá ń gbà á lọ́wọ́ NEPA. Bí irin kéésì bá sì ń ta yín lọ́wọ́ ṣíí, kọ̀ǹpútà kò bàjẹ́: ilé yín ni kò ní wáyà ilẹ̀ tó dára. Ẹ pe oníṣẹ́ iná.

Kí fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé ju èyí tó ń lé e jáde lọ, mẹ́ta sí ẹyọ kan, kí eruku má baà máa gba ihò kéékèèké wọlé. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 10 sí ògiri. Nígbà ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni kẹ́ ẹ máa fọ àwọ̀n iwájú. Nígbà òjò, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó. Bí ẹ bá ń fi ẹ̀rọ fẹ́ eruku inú rẹ̀, ẹ fi ìka di abẹ́ fáànù mú, kó má baà sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ kí ìdí rẹ̀ sì jẹ.

Bó bá tún pariwo lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ fetí sí irú ariwo náà. “Táká-táká” jẹ́ wáyà tó ń kan abẹ́ fáànù. “Hùù” tó ń pọ̀ sí i láti oṣù dé oṣù jẹ́ eruku. “Gùrù-gùrù” tó ń dún nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ tàn án jẹ́ ìdí fáànù tó ti ń jẹ; ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ “wíí” tín-ín-rín bíi ti ẹ̀fọn, tó ń yí ohùn padà bí rẹ́ńdà ṣe ń bọ́ láti fírémù kan sí òmíràn, inú káàdì gan-an ni, lára àwọn okùn bàbà tó ń pín iná. Kò sí síkúrù tí ẹ lè dè tí yóò fi tán. Ẹ dín wáàtì káàdì kù ní mẹ́wàá-mẹ́wàá títí á fi rẹlẹ̀; bí kò bá rẹlẹ̀, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á kí ọjọ́ ìdápadà tó kọjá.